Ilé Ajíhìnrere Láti Òwúrọ̀ Di Alẹ́: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn Ọmọ Yorùbá ní Anyama

 

Àwọn tí wọ́n fi iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí rán mi kò ní kí n ka ọdún tí ìjọ kọ̀ọ̀kan dé, wọn kò sì ní kí n ṣírò iye ènìyàn tí a ti rì bọmi. Wọ́n ní kí n sọ bí àwọn ajíhìnrere ti ń lo ọjọ́ wọn nígbà tí wọ́n wá sí àárín àwọn àgbẹ̀, àwọn ọdẹ àti àwọn jagunjagun tí í ṣe baba wa: ohun tí wọ́n jẹ, ibi tí wọ́n sùn, ẹni tí ó pọnmi fún wọn, ẹni tí ó tọ́jú wọn nígbà tí ibà dá wọn gúnlẹ̀, àti ohun tí àwọn aládùúgbò rí nígbà tí wọ́n yọjú wo àgbàlá wọn. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Òun ni pé ará ìlú ti ka ilé ajíhìnrere tán kí ó tó ṣí ìwé rẹ̀; àti pé àwọn ọmọ ilẹ̀ tí ń jí, tí ń sùn nínú ilé náà, ni ó gbé iṣẹ́ náà ró títí ó fi ta gbòǹgbò. Àwọn baba wa tí wọ́n wí pé ìwà lẹ̀sìn ti parí ọ̀rọ̀ mi kí n tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n kó ẹ̀rí jọ síwájú yín.

Ìlú tí a wà yìí

Anyama, ní Côte d'Ivoire níbí, tọ́ sí irú ọ̀rọ̀ yìí. Láti ìgbà tí àwọn Faransé ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Abidjan gba inú igbó lọ sí òkè ní 1904, ojú irin tí ó dé Bobo-Dioulasso ní 1934, tí ó sì dé Ouagadougou ní 1954, ni ìlú yìí ti rí ọ̀nà tí obì gbàǹja inú igbó ń gbà dé ilẹ̀ ọ̀dàn. Àwọn Dioula, àwọn Haúsá, àti àwa tí wọ́n ń pè ní Ànàgó, ìdí apẹ̀rẹ̀ obì ni a ti pàdé ara wa. Ní ìlú kan náà ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn Àgùdà tí à ń pè ní Saint-Cœur de Marie wà, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ní iṣẹ́ àlùfáà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà tí àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ti Lyon gúnlẹ̀ sí Grand-Bassam ní 1895, kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀mí wọn yóò gùn tó láti rí ọmọ ilẹ̀ kan ṣoṣo nínú aṣọ àlùfáà. Olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac, dé Freetown ní 1859, kò lo oṣù méjì níbẹ̀ kí ibà pọ́njú tó pa á; ibà kan náà ni ó sì jà ní Grand-Bassam ní 1899, tí ìjọba Faransé fi kó kúrò níbẹ̀ lọ sí Bingerville ní ọdún kejì. Ilẹ̀ tí a ti fi irú òkú bẹ́ẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ tí a fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò obì mọ̀ pé ọjọ́ tí a di obì sínú apẹ̀rẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ parí. Bí a kò bá tú u, kí a ṣà á, kí a yọ èyí tí kòkòrò ti dá lu, kí a pààrọ̀ ewé gbòdògì rẹ̀, kí a sì tún un dì, nígbà tí ẹrù bá fi máa dé ọ̀nà jíjìn, ohun tí a óò bá nínú rẹ̀ kì í ṣe obì mọ́. Iṣẹ́ ìhìnrere kò yàtọ̀ sí èyí. Ọjọ́ ìrìbọmi ni àwọn òpìtàn ń kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣíṣà àti títún dì, tí a ń ṣe lójoojúmọ́ láìsí ariwo, ni ó pa ohun tí a rì bọmi mọ́.

Àgbàlá Kúdẹtì

Nínú gbogbo àwọn tí ó wá sí ilẹ̀ Yorùbá, mo yan David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ láti fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé Anna jẹ́ ẹni tí ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀, tí ó sì ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sílé, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì kó àwọn ìwé náà jọ tẹ̀ jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni David, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì C.M.S. ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó rán an níṣẹ́. Ó dé Ìbàdàn ní 1851, ó rí bí ìlú náà ti rí, ó padà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbé Anna Martin, ọmọ agbègbè Norfolk, níyàwó ní 1852, àwọn méjèèjì sì wọ Ìbàdàn ní 1853. Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, ìlú tí a fi ogun tẹ̀dó, tí àwọn ológun rẹ̀ ń di àgbẹ̀ nígbà tí ogun bá dáwọ́ dúró, ni wọ́n wọ̀ yìí. Baálẹ̀ Olúgbòde sì fún wọn láàyè láti jókòó, wọ́n sì tẹ̀dó sí àdúgbò Kúdẹtì.

Ilé amọ̀ olórùlé koríko ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀, ilé tí ìmọ́lẹ̀ kò ráyè wọ̀ dáadáa, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé títí a fi mọ ilé mìíràn fún wọn. Ojúmọ́ kì í tíì mọ́ tán tí àgbàlá yóò ti kún, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí obìnrin òyìnbó rí, wọ́n sì fẹ́ wo irun rẹ̀, aṣọ rẹ̀ àti bí ó ti ń jókòó jẹun. Ìyàwó ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà a máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ sinmi, ṣùgbọ́n ní Kúdẹtì ilẹ̀kùn títì yóò ti dà bí ẹ̀gàn lójú àwọn aládùúgbò, Anna sì kọ́ láti jẹ́ kí a máa wo òun. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Kí ó tó gbọ́ èdè dé ibi tí ó lè fi sọ nǹkan kan nípa Ọlọ́run, àwọn ènìyàn ti rí bí ó ti ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, bí ó ti ń ṣe sí ọmọ ọ̀dọ̀ nígbà tí ó bá fọ́ àwo, bí ó ti ń gba ẹni tí ó wọ àkísà àti ẹni tí ó wọ sányán. Àwọn ará ìlú tí ó ti ń fi ojú wọn yẹ ìwà wò láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò nílò ògbufọ̀ láti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀ ni iṣẹ́ ọjọ́ ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọdé ni olórí iṣẹ́ Anna. Àwọn òbí kò yára mú ọmọ wọn wá, nítorí pé ní ìlú jagunjagun, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ìwé yóò sọ ọmọkùnrin di ojo. Ṣùgbọ́n ìjòyè ogun kan mú ọmọ rẹ̀ méjì wá, ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí ó ń jẹ́ Yéjídé, ó sì fà wọ́n lé ìyàwó òyìnbó náà lọ́wọ́. Láti ọ̀dọ̀ àwọn méjì yìí ni agbo ọmọ Kúdẹtì ti ń pọ̀ sí i. Anna ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà, orin kíkọ àti aṣọ rírán, ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń bọ́ wọn, ó ń jókòó tì wọ́n nígbà àìsàn, òun tí kò bí ọmọ kankan sì di ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá. Nínú èdè tiwa, orúkọ yìí kì í ṣe ohun tí a fi ń ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ lásán. Ẹni tí ó bá rù ú gbọ́dọ̀ lè ru ẹrù tí ó wà nínú rẹ̀.

Ní ti David, bí kò bá sí ní ìdí àwọn tí ń mọlé tí ń bolé, a ó bá a lábẹ́ igi ní ìta gbangba níbi tí ó ti ń wàásù, tàbí nínú yàrá níbi tí òun àti àwọn ọmọ ilẹ̀ ti ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí yóò gbé ìtumọ̀ ró. Nínú irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni ó ti tú ìwé John Bunyan sí èdè wa, èyí tí àwọn baba wa mọ̀ sí Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òsogùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, tí ó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846, tí ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ni olórí àwọn tí ó tú Bíbélì sí Yorùbá, odindi rẹ̀ sì parí ní 1884. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti àárọ̀ títí di ọ̀sán mọ̀ pé sùúrù ni irin iṣẹ́ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé owó ń dà gbọ́n-ọ́n-gbọ́n lọ́wọ́ wọn. Owó ẹyọ ni a ń ná. Ọ̀kẹ́ kan rẹ̀, tí í ṣe 20,000 ẹyọ, ni ẹrù orí alágbára kan, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ san owó ọ̀yà àwọn tí ń mọlé ní láti kọ́kọ́ wá àwọn tí yóò ru owó náà láti ibi jíjìn wá. Lẹ́tà ńkọ́? Láti 1852 ni ọkọ̀ ojú omi Macgregor Laird ti ń gbé lẹ́tà wá sí etíkun wa lóṣooṣù, ṣùgbọ́n láti Èkó dé Ìbàdàn, ẹsẹ̀ ìránṣẹ́ ni lẹ́tà ń bá rìn. Ẹni tí ìyá rẹ̀ kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè máa gbàdúrà fún ìlera rẹ̀ fún oṣù méjì lẹ́yìn tí a ti sin ín. Bẹ́ẹ̀ ni ibà kò dá ọjọ́: bí ọkọ bá dìde, ìyàwó a dùbúlẹ̀, kuníìnì kíkorò ni oògùn, àwọn ọmọ ilẹ̀ tí ó wà nínú ilé ni ó sì ń pààrọ̀ omi tútù sí iwájú orí wọn lóru.

Nígbà tí ọ̀nà dí

Ọ̀rẹ́ ìgbà ọ̀pọ̀ pọ̀. Ọjọ́ ìpọ́njú ni a fi ń mọ ẹni. Ní 1860 ogun Ìjàyè bẹ́, Ìbàdàn dojú kọ Kúrunmí, olórí Ìjàyè, àwọn Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí gbé ti Ìjàyè, àwọn Ìjẹ̀bú náà sì bá wọn dí ọ̀nà, tí ó fi jẹ́ pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìjàyè fọ́ ní 1862, ọ̀nà tí ó lọ sí etíkun kò là títí di 1865. Owó kò wọlé, ìyẹ̀fun kò wọlé, oògùn kò wọlé. Àwọn Hinderer ń jẹ ẹ̀wà àti iṣu tí ọjà Ìbàdàn ní, wọ́n ń ta aṣọ àti ohun èlò ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè rí owó ẹyọ bọ́ àwọn ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ wọn, nítorí pé wọn kò tú agbo náà ká. Ẹ̀mí David fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ sí i nígbà tí ó gbìyànjú àtigba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wá oúnjẹ àti owó lọ sí Èkó.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbí ni pé ní àwọn ọdún wọ̀nyí, ajíhìnrere di ẹni tí ará ìlú ń ṣàánú. Ẹni tí ó wá láti fúnni ní nǹkan di ẹni tí kò ní ohun tí yóò fúnni, ó ń ra ẹ̀wà lọ́jà bí gbogbo ènìyàn, ebi tí ń pa aládùúgbò ń pa òun náà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí kò tíì gba ìgbàgbọ́ rẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́ nínú ìwọ̀nba tí wọ́n ní. Mo gbà pé ní àkókò yìí ni ìjọ Kúdẹtì di ti Ìbàdàn. Títí di ìgbà náà, àlejò ni wọ́n, bí ó ti wù kí a bọ̀wọ̀ fún wọn tó. Ẹni tí a bá jọ la ìyàn kọjá ni ó ń di ará ilé. Nígbà tí Gómìnà Glover ti Èkó rán àwọn ọmọ-ogun wá mú Anna ní 1865, àìsàn ti sọ ọ́ di ẹni tí a fi àwọ̀n gbé. Ó padà wá, nítorí pé ọkàn rẹ̀ kò kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ náà, ṣùgbọ́n ara kò gbà mọ́. Ní 1869 òun àti ọkọ rẹ̀ fi Ìbàdàn sílẹ̀, ó sì kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1870, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì.

Àwọn tí a kò kọ orúkọ wọn sí ẹ̀yìn ìwé

Bí ó bá jẹ́ pé àwọn Hinderer nìkan ni iṣẹ́ náà dúró lé, yóò ti wó ní 1869, pàápàá nítorí pé àwọn Ẹ̀gbá ti lé àwọn òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta ní 1867, tí kò sì sí ẹni tí yóò yára gba ipò wọn. Kò wó. Ọkùnrin kan wà tí ó bá wọn wá láti Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ inú ilé, Daniel Olúbí ni orúkọ rẹ̀, ẹni tí ó di olùkọ́, tí ó di àlùfáà, tí ó sì ṣe olórí iṣẹ́ Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó kú ní 1912. Susanna ìyàwó rẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀tún Anna láàrin àwọn ọmọdé. Henry Johnson kó ìdílé rẹ̀ láti Hastings ní Sàró wá ran Hinderer lọ́wọ́ ní 1858, nínú àwọn ọmọ tí ó kó wá sì ni Samuel wà, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ẹni tí ó dàgbà di olùkọ́ ní Ìbàdàn àti àlùfáà ní Ọ̀yọ́, tí ó sì parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, ìwé tí a tẹ̀ ní 1921 lẹ́yìn tí ó ti kú. Ẹ rí i pé ìtàn wa tí gbogbo ayé ń kà lónìí, ọmọ tí a tọ́ nínú àgbàlá ajíhìnrere ni ó kọ ọ́, etí tí ó sì fi gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn ológun àti àwọn arókin jẹ́ etí tí ó ti mọ́ wọn lára láti kékeré. Láti inú ìdílé àwọn onígbàgbọ́ ìgbà náà pẹ̀lú ni A. B. Akínyẹlé ti jáde, ẹni tí ó dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní 1913, tí ó sì di bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ti Ìbàdàn ní 1952.

Òtítọ́ kò gbọdọ̀ ṣì wá lọ́nà nítorí ìmoore. Àwọn míṣọ́nnárì náà ní àléébù tí ó wúwo. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ìhìnrere àti àṣà ilé baba tiwọn. Wọ́n bu ìlù wa, wọ́n bu orin wa, wọ́n fi orúkọ àjèjì bo orúkọ àmútọ̀runwá mọ́lẹ̀, wọ́n sì wo ọgbọ́n àwọn babaláwo bí ẹni pé òkùnkùn nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àwọn tí ó ń bá wọn gbé ni ó la ojú náà fún wọn díẹ̀díẹ̀, tí ó ń sọ pé a kì í bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ báyìí, a kì í wọ ilé ọlọ́fọ̀ báyẹn, kí ẹ kọ́kọ́ kí baálé ilé kí ẹ tó ṣí ìwé. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ ọ̀dọ̀ ń kọ́ ọ̀gá rẹ̀ nínú ilé ìdáná kì í wọ inú ìròyìn tí a ń fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n òun ni ó jẹ́ kí ìwàásù ọ̀gá náà ṣeé gbọ́.

Ajíhìnrere tí kò ní ilé

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilẹ̀ tí a wà yìí, nítorí pé ilẹ̀ yìí náà ní tirẹ̀, èyí tí ó sì tóbi. Ní 1913, ọkùnrin Grebo kan láti Làìbéríà, William Wadé Harris, fi ẹsẹ̀ rìn wọ Côte d'Ivoire, ó wọ aṣọ funfun, ó mú ọ̀pá tí ó ṣe bí àgbélébùú lọ́wọ́, ó mú Bíbélì, ó mú igbá omi, àwọn obìnrin tí ń kọrin tí ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Láti Grand-Lahou dé Jacqueville, dé Grand-Bassam, títí wọ ilẹ̀ Gold Coast, ó ń kọjá láti abúlé dé abúlé, ó ń ní kí wọ́n kó ère àti oògùn wọn dáná sun, ó sì ń rì wọ́n bọmi lójú ẹsẹ̀. Àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ sọ pé ó ju 100,000 ènìyàn lọ tí ó gba omi lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹgbẹ́ kankan tí ó rán an, kò sí owó oṣù, kò sí ilé. Oúnjẹ tí abúlé bá gbé síwájú rẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀, yàrá tí wọ́n bá ṣí fún un ni ibùsùn rẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́fà ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì fi ọjọ́ Ìsinmi fún Ọlọ́run, kí wọ́n kọ́ ilé àdúrà, kí wọ́n máa retí ẹni tí yóò wá ka Ìwé náà fún wọn. Ìjọba Faransé, nínú ìbẹ̀rù ogun 1914, lé e jáde.

Ohun tí ó tẹ̀ lé èyí ni ó kan àwa. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, àwọn abúlé náà dá dúró. Àwọn akọ̀wé ilé ìtajà láti Gold Coast àti Sàró, tí wọ́n wá jẹun nílẹ̀ yìí, tí wọ́n mọ Bíbélì díẹ̀, ni ó ń kó wọn jọ ní ọjọ́ Ìsinmi. Nígbà tí William Platt, òjíṣẹ́ Mẹ́tọ́díìsì tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Dàhòmì, dé ní 1924, ó bá ilé àdúrà tí àwọn ará abúlé fi ọwọ́ ara wọn kọ́, ó sì bá àwọn ènìyàn tí ó ń dúró. Àwọn mìíràn dúró sọ́dọ̀ Harris gan-an, láti ara wọn ni ìjọ Harrist ti jáde, èyí tí aṣọ funfun rẹ̀ ṣì ń kọjá níwájú ilé wa. Hinderer jókòó ọdún mẹ́rìndínlógún sí ojú kan. Harris kò lo ọdún méjì, kò sì pẹ́ ní ibi kankan. Síbẹ̀ ohun kan náà ni ó mú iṣẹ́ àwọn méjèèjì dúró: lẹ́yìn tí wọ́n lọ, àwọn ènìyàn kan wà tí orúkọ wọn kò lókìkí, tí wọ́n ń jí ní òwúrọ̀ tí wọ́n ń ṣe ohun tí ó yẹ.

Àwọn tí ó ru Bíbélì mọ́ ẹrù ọjà

Ibi tí mo ti ń bọ̀ láti òwúrọ̀ nìyí, ẹ̀yin ará mi. Nígbà tí Thomas Jefferson Bowen, ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété ní 1855, kò lè mọ̀ pé ìlú náà yóò rán àwọn ọmọ rẹ̀ jáde jù bí òun ti rò lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà bẹ̀rẹ̀ ní 1898, Dókítà George Green bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn níbẹ̀ ní 1907, ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi wá sí ìlú àwọn ẹlòmíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Gold Coast, Tógò, Niger àti Côte d'Ivoire yìí, kì í ṣe àwọn tí a sanwó fún. Àwọn oníṣòwò ni wọ́n, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Èjìgbò, ọmọ Ṣakí, ọmọ Ìgbẹ́tì, tí ó ru aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti abẹ́rẹ́ lórí, tí wọ́n sì fi Bíbélì Crowther sí àárín ẹrù. Ibi tí wọ́n bá dé ni wọ́n ti ń péjọ nínú yàrá ẹnì kan, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n ń dáwó, tí wọ́n ń gba ọmọ tuntun lálejò, tí wọ́n ń sin òkú. Nígbà tí ìjọba Ghana, Gold Coast tẹ́lẹ̀, ní Oṣù Kọkànlá 1969 fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n kúrò, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ́ ni ó dákẹ́ lójijì, nítorí pé àwọn tí ó gbé wọn ró ni a lé. Ẹ̀rí mìíràn wo ni a tún ń wá nípa ẹni tí í ṣe ìpìlẹ̀ ìjọ?

Ẹ gbé ọjọ́ ìyá oníṣòwò kan yẹ̀ wò. Ó jí kí àkùkọ tó kọ, ó kó àwọn ọmọ jọ fún àdúrà, ó pín ẹ̀kọ, ó kọjá sí ọjà, ó fi èdè Dioula pẹ̀lú èdè Faransé nájà bí ó ti mọ, ó dá èlé padà fún ẹni tí ó ṣì í san, ó yà wo aláìsàn kí ó tó délé, ó sì gba ọmọ aládùúgbò tí ìyá rẹ̀ lọ sí oko sínú ilé rẹ̀. Ọjọ́ yìí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ọjọ́ Anna ní Kúdẹtì. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé Anna kọ tirẹ̀ sílẹ̀, tí ìyá yìí kò sì rí ẹni bá a kọ ọ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Nítorí náà ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ yín sí, ohun tí agbára yín sì ká ni.

Èkínní, kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní Anyama yan àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ̀ọ́kọ, kí wọ́n jókòó ti àwọn àgbà, kí wọ́n bi wọ́n léèrè nípa ọjọ́ wọn: inú yàrá ta ni ẹ ti kọ́kọ́ péjọ, ta ni ó ń ṣe oúnjẹ fún àlejò, kí ni ẹ jẹ nígbà tí ọjà kò tà, ta ni ó sin òkú àkọ́kọ́? Kí a kọ orúkọ àwọn obìnrin sílẹ̀ pẹ̀lú ti ọkọ wọn, kí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ bíi Susanna Olúbí, tí a mọ orúkọ rẹ̀ tí a kò mọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, má baà tún ṣẹlẹ̀. Bí àgbà kan bá lọ láìsọ̀rọ̀, kò sí ilé ìwé kankan ní Abidjan tàbí ní Ìbàdàn tí a ó ti rí ohun tí ó mọ̀ kà.

Èkejì, kí a kọ́ èdè onílé. Hinderer kọ́ tiwa dé ibi tí ó fi lè tú odindi ìwé sí i. Ojú wo ni a ó fi wo ara wa bí a bá ti lo ogójì ọdún lórí ilẹ̀ àwọn Attié, tí ó ni ilẹ̀ yìí, tí a kò sì lè kí wọn ní òwúrọ̀, tí ṣọ́ọ̀ṣì wa sì jẹ́ ibi tí ọmọ onílé kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí ó yé e? Ìjọ tí ó bá ti ilẹ̀kùn èdè mọ́ra ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi níwájú àwọn tí ó rìn láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá.

Ẹ̀kẹta, kí àgbàlá wa ṣí sílẹ̀ bí ti Kúdẹtì. Kí ọmọ tí kò sí ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́ nínú ìwé rẹ̀ mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ iná wa wà fún òun náà. Kí aláìsàn tí kò ní ará nílùú rí ẹni bẹ̀ ẹ́ wò, yálà Mùsùlùmí ni o, Harrist ni o, tàbí ẹni tí ó ṣì ń bọ òrìṣà baba rẹ̀. Ẹ má dúró de ìgbà tí owó bá pọ̀, nítorí pé nígbà tí àwọn ará Kúdẹtì kò ní owó pàápàá, wọn kò tú agbo wọn ká.

 Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà: bí ọ̀sẹ̀ yìí bá parí tí ìjọ kan ṣoṣo nínú yín ti rán ọ̀dọ́ méjì lọ jókòó ti ìyá àgbà kan pẹ̀lú ìwé àti gègé, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ti jèrè, nítorí pé àwọn ọmọ wa tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò rí ohun tí ẹ ṣe kà, wọn yóò sì mọ bí a ti ń ṣe é. Ọlọ́run kí ó fún wa ní ìfẹ́ àtibẹ̀rẹ̀ àti okun àtiparí. Àṣẹ.